Láti Àáró dé Ọ́fíìsì: Ta Ní Ń Di Òṣìṣẹ́ Mú?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣí ọ̀rọ̀ òní, nítorí pé bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Ìgbà kan wà nínú ayé ẹ̀dá tí a ń kọ́ṣẹ́, ìgbà kan wà tí a ń gbé ìyàwó, ìgbà kan wà tí a ń tọ́ ọmọ, ìgbà kan wà tí àìsàn ń dáni dúbúlẹ̀, ìgbà kan sì wà tí eegun kò le mọ́. Iṣẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè tí gbogbo àwùjọ ènìyàn ní láti dáhùn ni pé, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìgbà wọ̀nyí bá dé bá òṣìṣẹ́, ta ni yóò dì í mú kí ó má baà ṣubú?

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ló gbà pé òyìnbó ni ó bá wa dáhùn ìbéèrè yìí. Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ní kíláàsì pé kí ni à ń pè ní àáró, yóò ka ìtumọ̀ rẹ̀ láìkọsẹ̀. Bí a bá tún bi í pé kí ni owó ìfẹ̀yìntì, yóò ní owó tí ìjọba ń san fún àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ọba ni. Kò ní wá sí i lọ́kàn pé ọmọ ìyá kan náà ni nǹkan méjèèjì. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn nìyẹn. Dídi òṣìṣẹ́ mú láti ìgbà èwe dé ìgbà ogbó kì í ṣe ẹ̀bùn tí ọ́fíìsì fún wa. A ní i kí ọ́fíìsì tó dé. Nígbà tí iṣẹ́ olówó-oṣù sì dé, ọ̀nà méjì ni ó gbà padà wá: ìjà tí àwọn òṣìṣẹ́ jà títí ó fi di òfin, àti ọwọ́ tí wọ́n fi gbé ara wọn. Níbi tí ọ̀kan bá ti kù nínú méjèèjì, ẹnì kan yóò ṣubú ni.

IṢẸ́ NÍ AYÉ ÀTIJỌ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọ ilé àwọn alágbẹ̀dẹ. Ibẹ̀ ni a ti lè rí i kedere pé iṣẹ́ ayé àtijọ́ ní ààyè fún gbogbo ọjọ́ orí. Ọmọdé ni ó ń fi ẹwìrì fín iná. Géńdé ọkùnrin ni ó ń fi òòlù lu irin gbígbóná. Àgbà tí apá rẹ̀ kò gbé òòlù mọ́ ni ó jókòó nítòsí, tí ó ń wo àwọ̀ irin nínú iná, tí ó sì ń sọ ìgbà tí ó tó láti yọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó lé e kúrò nídìí iṣẹ́. Iṣẹ́ ni ó pa ara dà fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nídìí òwú. Àwọn ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé ìrìn ọjà mọ́ ni wọ́n sábà máa ń ran òwú, àwọn ọmọdé ń bá wọn ká a, àwọn tí wọ́n lágbára ni ó ń hun aṣọ. Ní àwọn ìlú tí a mọ̀ mọ́ aṣọ òfì, irú bí Ìsẹ́yìn, iṣẹ́ ìdílé ni iṣẹ́ yìí jẹ́. Àgbà agbo ilé ni olórí iṣẹ́, òun náà sì ni ó ń parí ìjà, tí ó ń bójú tó ìgbéyàwó àwọn ọmọ, tí ó sì ń ṣètò ìsìnkú. Ilé àti ibi iṣẹ́ kò ní ògiri láàárín. Bí obìnrin bá bímọ nínú agbo ilé bẹ́ẹ̀, kò sí ìwé tí ó ní láti kọ kí ó tó sinmi. Gbogbo ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbọ́ igbe ọmọ náà. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́jà, alájọtà rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ ni yóò máa bá a tajà títí tí ara rẹ̀ yóò fi mókun.

Oko ni àáró àti ọ̀wẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ jù. N. A. Fadipe, ọmọ Yorùbá tí ó kọ ìwádìí ńlá kan nípa ìṣètò àwùjọ wa ní 1939, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970, kò gbàgbé àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa. Àáró jẹ́ ti ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí àti agbára wọn kò jìnnà síra wọn yóò kó ara wọn jọ, wọn yóò ṣiṣẹ́ ní oko ẹnì kan lónìí, ní oko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Gbèsè ni, ẹni tí a bá ti ṣe tirẹ̀ kò gbọdọ̀ sá nígbà tí ó bá kan ẹlòmíràn. Ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀ kì í ṣe gbèsè tí a ń kà. Ẹni tí iṣẹ́ kan wọ̀ lọ́rùn ni yóò pe àwọn ènìyàn, yóò sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu fún wọn. Ìkọ́lé, àrólé tí ìjì ṣí, ìkórè ẹni tí àìsàn dá dúbúlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni a lè fi ọ̀wẹ̀ ṣe.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìyàwó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń fẹ́ ọmọ onílé ní iṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ ṣe fún àna rẹ̀. Òun nìkan kò lè ṣe é. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò pè, wọn yóò jọ lọ sí oko àna, wọn yóò kọ ebè títí ọjọ́ yóò fi rọ̀. Bí ó bá kan ẹlòmíràn nínú wọn, òun náà yóò lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ìgbéyàwó ń bá lójijì. Àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ni ó ń bá a gbéyàwó.

ÌKỌ́ṢẸ́ ÀTI ÈÉSÚ

Nígbà tí ó ṣe, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí jáde kúrò nínú ìdílé. Iṣẹ́ aṣọ rírán, iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ bíríkìlà, àti lẹ́yìn náà iṣẹ́ mẹkáníìkì, kò ní ìdílé tí ó ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gba iṣẹ́ wọ̀nyí gbé ìwà agbo ilé wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá gba ipò bàbá, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ gba ipò ọmọ. Àwọn òbí á mú ọmọ wá, wọn á ṣe àdéhùn ọdún tí yóò lò, ọmọ á sì máa gbálẹ̀, á máa jíṣẹ́, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá títí iṣẹ́ yóò fi yé e. Ọjọ́ tí ó bá gba òmìnira, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní fíríìdọ́ọ̀mù, ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un lójú ẹbí àti ojúlùmọ̀, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, a ó sì ka ọmọ náà sí ẹni tí ó lè dá dúró. Ayẹyẹ yìí ju ìwé ẹ̀rí lọ. Ó ń kéde fún àwùjọ pé ẹnì kan ti kúrò ní ìpele kan, ó ti bọ́ sí òmíràn, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì ni ẹlẹ́rìí.

Láti kó owó jọ fún ìpele tí ó kàn, èésú wà. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, mẹ́nu ba èésú. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á máa dá iye kan náà ní àkókò kan náà, ẹnì kan á sì máa kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan títí yóò fi kárí. Àáró owó ni èésú jẹ́. Ohun tí ọ̀dọ́ fi agbára ṣe ní oko ni ó ń fi owó ṣe níbí. Ẹni tí ó fẹ́ sin òkú bàbá rẹ̀ lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ó kó o ṣáájú. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gba òmìnira lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

IBI TÍ ÀṢÀ NÁÀ TI KÙ DÍẸ̀ KÁÀTÓ

Èmi kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan ka ibí yìí tán kí ó rò pé oyin ni ayé àtijọ́. Johnson kan náà tí ó sọ̀rọ̀ èésú sọ̀rọ̀ ìwọ̀fà. Ẹni tí ó yá owó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó, iṣẹ́ tí ó bá sì ń ṣe jẹ́ èlé owó náà. Kì í dín gbèsè kù. Bí owó kò bá tíì pé, ìwọ̀fà lè darúgbó nídìí iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ohun tí ó sì sábà ń gbé ẹ̀dá dé ìdí gbèsè yìí ni ìpele ayé tí à ń sọ: owó ìyàwó, ìsìnkú òbí, àìsàn. Ìyẹn ni pé àwọn tí kò ní ẹgbẹ́ tí ó lágbára, tí èésú wọn kò tó, ni a ń fi ṣe ìwọ̀fà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Bí ọ̀gá bá jẹ́ ènìyàn rere, bàbá kejì ni. Bí ó bá jẹ́ ìkà, ta ni ọmọ yóò fẹjọ́ sùn? Àánú ni ó gbé gbogbo ètò náà dúró, àánú kò sì ní ilé-ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

ÀWỌN NÀGÓ NÍ BÀHÍÀ

Kí a tó dé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, ẹ jẹ́ kí a sọdá òkun fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti dán àṣà yìí wò lọ́nà tí ó le jù lọ. Nígbà tí ogun ń jà ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ènìyàn wa ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí ìlú Salvador ní Bàhíà, ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń ru ẹrù ní ìgboro, tí wọ́n ń san iye kan fún olúwa wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ìyókù pamọ́. Wọn kò ṣiṣẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pín ara wọn sí ẹgbẹ́ tí à ń pè ní canto ní èdè Potogí, oríta kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olórí tí ó ń gba iṣẹ́ tí ó sì ń pín owó. Ẹrú wà níbẹ̀, ẹni tí ó ti gba òmìnira wà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ Áfíríkà ìlú náà tún ní ẹgbẹ́ ìdáwójọ tí wọ́n ń lò láti ra ara wọn padà lóko ẹrú, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ronú sí i. Ìpele tí wọ́n fẹ́ ran ara wọn lọ́wọ́ láti kọjá ní Bàhíà kì í ṣe ti ìyàwó tàbí ti ilé kíkọ́. Ti òmìnira ni. Bí a ṣe ń dá èésú ní ilé ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é fi jọ. Ní 1832, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ti di òmìnira, tí kì í ṣe Nàgó nìkan, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú náà tí a wá mọ̀ sí Sociedade Protetora dos Desvalidos. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ń ṣàìsàn, èyí tí ó darúgbó, àti láti sin èyí tí ó bá kú.

Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún 1857, ìjọba ìlú Salvador pàṣẹ pé kí gbogbo alárùú lọ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n san owó, kí wọ́n sì fi àmì irin kọ́ ọrùn. Àwọn alárùú, tí Nàgó pọ̀ jù nínú wọn, gbé ẹrù sílẹ̀. Fún ọjọ́ púpọ̀ ni òwò ìlú náà dúró, ìjọba sì ní láti yọ owó ìforúkọsílẹ̀ náà kúrò. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ kan náà tí ó ń gbé aláìsàn ni ó lágbára láti kojú ìjọba. Ẹni tí ó mọ̀ pé ebi kò ní pa òun lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni ó lè kọ̀ láti ru ẹrù.

IṢẸ́ OLÓWÓ-OṢÙ DÉ

Àwa tí a wà nílé náà rí irú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn fìdí múlẹ̀ ní Èkó, ó bẹ̀rẹ̀ sí gba oníṣẹ́ ọwọ́ sí iṣẹ́ ọba. Iṣẹ́ rélùwéè bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Iṣẹ́ yìí kò jọ ti agbo ilé. Aago ni ó ń pàṣẹ. Ọ̀gá kò mọ ìyá ẹni. Ilé wà ní ibì kan, iṣẹ́ wà ní ibòmíràn. Igbe ọmọ tuntun kò dé etí akọ̀wé tí ó ń san owó.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, Gómìnà Henry McCallum fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìjọba padà ní Èkó. Wọ́n kọ̀, wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, gómìnà sì ní láti bá wọn ṣe àdéhùn. Kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ ni ó ń bá wọn jà. Wákàtí tí ọba kò lò ni wọ́n fi ń ṣe ti ilé.

Èyí tí ó tóbi jù lọ ni ti 1945. Ogun Àgbáyé Kejì ti mú kí ọjà gbówó lórí, ṣùgbọ́n owó oṣù kò gbé ẹsẹ̀. Ìjọba ti fún àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ní owó àjẹmọ́nú nítorí ìdílé wọn tí ó wà lókèèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ wa béèrè pé, àwa kò ha ní ìdílé bí? Àwọn aláṣẹ dáhùn pé àwọn obìnrin ìhà ibí ń ṣòwò, wọ́n ń bọ́ ara wọn, nítorí náà ọkọ wọn kò nílò owó ìdílé. Ẹ wo bí ìwà rere obìnrin Yorùbá ṣe di ohun tí wọ́n fi ń du ìdílé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́! Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú wọn, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn yanṣẹ́ lódì. Ó lé ní ogójì ọjọ́ kí ó tó parí.

Ta ni ó bọ́ wọn ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn? Àwọn obìnrin tí ìjọba ní wọ́n ń ṣòwò náà ni. Àwọn ìyàwó fi èrè ọjà gbé ilé ró, àwọn ọlọ́jà sì fi oúnjẹ ran àwọn ayanṣẹ́lódì lọ́wọ́. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ṣe, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ Tudor Davies gbà pé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tọ́, tí owó àjẹmọ́nú ìgbówólérí ọjà sì gbé pẹ́ẹ́lí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa eré orí ìtàgé Yorùbá, ẹ má gbàgbé pé ìjà yìí ni ó bí eré Strike and Hunger tí Hubert Ogunde gbé jáde. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ ọlọ́pàá rí. Nígbà tí ó gbé eré náà lọ sí Jos ní 1946, wọ́n dá a dúró. Ebi òṣìṣẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìjọba ìgbà náà kò fẹ́ kí a fi ṣeré.

ÒFIN LÉ ÒFIN

Díẹ̀díẹ̀, ohun tí agbo ilé ń ṣe láìkọ sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí di òfin tí a kọ. Ẹ jẹ́ kí a kà wọ́n bí ìpele ayé ṣe tẹ̀ lé ara wọn.

Ti ẹni tí iṣẹ́ ṣe léṣe: òfin owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ jáde ní 1941, òfin tuntun sì rọ́pò irú rẹ̀ ní 2010.

Ti ogbó: òfin owó ìfẹ̀yìntì jáde ní 1951, wọ́n sì ní kí agbára rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1946. Àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Ní 1961, wọ́n dá àpò ìfowópamọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni. Ní 2004, ètò yí padà pátápátá: òṣìṣẹ́ á máa dá ìdá 7.5 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ á dá iye kan náà, owó náà á wà ní orúkọ òṣìṣẹ́. Òfin ọdún 2014 sọ ọ́ di ìdá 8 fún òṣìṣẹ́ àti ìdá 10 fún agbanisíṣẹ́. Ẹ kò ha rí i pé èésú ni èyí? A ń dá a lóṣooṣù, a ó kó o lọ́jọ́ alẹ́.

Ti abiyamọ: òfin iṣẹ́ ti ọdún 1974 fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó bímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ. Ẹni tí ó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gbà tó ìdajì owó rẹ̀, ó kéré tán. Òfin náà tún fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ní 2014, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ìsinmi ìbímọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ di oṣù 6 fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, ó sì fún àwọn bàbá ní ọjọ́ 10. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ọjọ́ 14 fún àwọn bàbá tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà lè jẹ́ ọ̀tá. Ìlànà iṣẹ́ ọlọ́pàá ti ọdún 1968 pàṣẹ pé kí a lé ọlọ́pàábìnrin tí ó bá lóyún láìní ọkọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nínú agbo ilé ayé àtijọ́ pàápàá, wọn ìbá bá irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ wí, ṣùgbọ́n wọn kò ní gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ inú rẹ̀.

Ti àwa olùkọ́ náà kò gbẹ́yìn. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1931, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti ti ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 2022, ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ di ọdún 65 nínú òfin àpapọ̀, tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan bú sẹ́kún ayọ̀, àwọn kan béèrè bí eegun yóò ṣe dúró ní iwájú pátákó fún ogójì ọdún. Ó yẹ kí a rántí alágbẹ̀dẹ àgbà tí ó jókòó nítòsí iná. Kì í ṣe ọdún nìkan ni ó yẹ kí a fi kún iṣẹ́ àgbà. Ó yẹ kí iṣẹ́ náà pa ara dà fún un.

OHUN TÍ ÒṢÌṢẸ́ Ń ṢE FÚN ARA WỌN

Òfin nìkan kò tó rí, àwọn òṣìṣẹ́ sì mọ̀. Ní 1935, lẹ́yìn ìwádìí tí C. F. Strickland ṣe ní 1934, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Láti oko ni alájẹṣẹ́kù ti wọ ọ́fíìsì, ilé-ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́ àti ọjà. Lónìí, ṣàṣà ni ibi iṣẹ́ tí a ti lè rí òṣìṣẹ́ mẹ́wàá jọ kí a má rí alájẹṣẹ́kù níbẹ̀. Ẹ yẹ ìwé ẹ̀yáwó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wò. Ìtàn ìgbésí ayé ni ẹ ó kà. Ti ẹni ọgbọ̀n ọdún jẹ́ ti ìgbéyàwó. Ti ẹni ogójì jẹ́ ti ilẹ̀ àti bíríkì. Ti ẹni àádọ́ta jẹ́ ti owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga ọmọ àti ìsìnkú òbí.

Nínú iyàrá àwọn olùkọ́ náà, ìwé ìdáwó kì í tán. Ẹnì kan sọ ọmọ lórúkọ, a dá owó. Ẹnì kan sin ìyá rẹ̀, a ra aṣọ ẹgbẹ́ jọ, a sì gba kíláàsì rẹ̀ ṣe títí ó fi padà dé. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń kùn sí owó yìí. Èmi ni mo kọ́kọ́ dákẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé tèmi wá.

Síbẹ̀, mo mọ ọ̀gá mi kan tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì. Gbogbo ìwé rẹ̀ pé, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n owó kò jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí ó ti kọ́ ní ìwé ni ó ń ra oògùn fún un. Òkété tí ó dàgbà ń mu ọmú ọmọ rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmú tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ọdún márùndínlógójì pọn sílẹ̀ ńkọ́? Òfin tí kò ní aláàánú tí yóò mú un ṣẹ, ìwé lásán ni.

Ní òdìkejì, ẹ wo ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí obìnrin tí ó ń ta ẹ̀wà ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Bí ó bá bímọ lóòní, kò sí ìsinmi tí òfin fún un. Àyàfi tí alájọtà rẹ̀ bá bá a ta ẹ̀wà. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ìfowópamọ́ ìfẹ̀yìntì kan kalẹ̀ fún irú wọn, kí oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà lè máa dá ohun tí agbára wọn ká. Ó dára. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé òun nìkan ni ó ń dá a, tí kò sí agbanisíṣẹ́ tí yóò fi kún un, èésú ẹni kan ṣoṣo ni. Èésú kò sì ṣeé dá ní èèyàn kan.

Ẹ̀KỌ́ INÚ ÌTÀN YÌÍ

Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ kọ́ wa pé àánú láìsí òfin máa ń já aláìní-ẹgbẹ́ jù sílẹ̀. Ọ̀gá mi tí ó ń dúró de owó rẹ̀ kọ́ wa pé òfin láìsí àánú máa ń já gbogbo ènìyàn jù sílẹ̀. Àwọn Nàgó 1857 àti àwọn òṣìṣẹ́ 1945 ni wọ́n ní méjèèjì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n gbé ara wọn, wọ́n sì fi agbára tí wọ́n rí níbẹ̀ béèrè ẹ̀tọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí ẹ bá tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní àáró àti ọ̀wẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó mọ sí ìtumọ̀ tí wọn yóò há sórí fún ìdánwò. Ẹ ní kí wọ́n lọ bi ìyá wọn pé ta ni ó bá a tajà nígbà tí ó bí wọn. Ẹ ní kí wọ́n bi bàbá wọn pé kí ni ó fi owó alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ ṣe. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọdún díẹ̀ sí i, ẹ ó di òṣìṣẹ́, àwọn kan nínú yín yóò sì di ọ̀gá. Ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ yín bá wá sọ fún yín pé ìyàwó òun bímọ, tàbí pé bàbá òun kú, ẹ rántí pé òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò parí síbi tí a dúró sí. Iṣẹ́ tí èwe bá bẹ àgbà, kí ó má ṣe kọ̀ ọ́. Gbogbo wa ni a ní ohun tí a jọ ń bẹ ara wa sí.